Ibùdó lórí Òṣùpá: Ṣé Ìbàdàn Ni Yóò Dà ni, àbí Kírìjì?

  Ọ̀rọ̀ tòní ga díẹ̀, torí òṣùpá la ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù, ọ̀nà Èkìtì la máa gbà débẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2022, ní ìlú Washington, Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Artemis Accords. Ọjọ́ kan náà ni Rwanda fọwọ́ sí i. Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ wọ inú àdéhùn náà nínú gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ìwé yẹn ń sọ bí àwọn orílẹ̀-èdè yóò ṣe máa hùwà lórí òṣùpá. Amẹ́ríkà ló ṣíwájú nínú rẹ̀, torí ètò Artemis tiwọn ló fẹ́ gbé èèyàn padà sórí òṣùpá, kí wọ́n sì kọ́ ibùdó tí èèyàn á lè máa gbé síbẹ̀. Ṣáínà àti Rọ́ṣíà náà kò gbẹ́yìn. Ní 2021, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ kọ́ ibùdó tiwọn.

Bí ẹ bá lọ sí Ayebode-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, tí ẹ sọ fún bàbá àgbà kan pé Nàìjíríà ti dá sí ọ̀rọ̀ ibùdó lórí òṣùpá, mo mọ ohun tó máa bi yín: "Iná ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, a ò sì gbọ́dọ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè wa lónìí ni pé: ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sọ́hùn-ún yìí, ṣé ó yẹ ní kíkọ́? Ta ló máa jèrè rẹ̀?

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìrírí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá mọ̀ nípa ibùdó. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún kún fún un. Àwọn baba ńlá wa ń pàgọ́ sí ibi tó jìnnà sílé, wọ́n ń bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Lára àwọn ibùdó yẹn, àwọn kan di ìlú, àwọn kan sì pa rẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú méjì.

Ibùdó méjì, ìpín méjì

Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá, àwọn ọmọ ogun tó wá láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí ibì kan níbi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn. Ibùdó ogun lásán ni. Ibẹ̀ náà là ń pè ní Ìbàdàn lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó tóbi jù lọ ní Áfíríkà.

Ìkejì sún mọ́ wa ní Èkìtì dáadáa. Ní ìparí àwọn ọdún 1870, Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí kọjú ìjà sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ. Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì ni olórí ogun wọn. Ẹ má rò pé àgọ́ aṣọ ni o. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kú síbẹ̀ ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ogun yẹn kò rọlẹ̀ pátápátá títí di 1893.

Kí ló gbé Èkìtìparapọ̀ ró fún gbogbo ọdún yẹn? Akin wọn wà níbẹ̀, àmọ́ akin nìkan kọ́. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ra ìbọn ìgbàlódé, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sókè gba ọ̀nà Oǹdó. Ìró ìbọn ogun náà ni wọ́n ní ó ń dún kírìjì-kírìjì. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, ibùdó wà nínú ewu.

Ẹ wá wò ó. Ìbàdàn di ìlú, ibùdó Kírìjì tú. Kí ló fà á? Ilẹ̀ Ìmẹ̀sí àti Ìgbájọ kò burú. Ṣùgbọ́n ìjà nìkan ló kó wọn jọ síbẹ̀, olúkúlùkù ló sì ní ilé tó fẹ́ padà sí. Ìjà tán, àwọn èèyàn ká ẹrù wọn. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ogun wá lè di àgbẹ̀, ó lè di oníṣòwò, torí oko wà, omi wà, òkè wà tó dáàbò bò wọ́n, ọ̀nà ọjà sì gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí ogun tó kọ́kọ́ kó wọn débẹ̀ tán, ìdí mìíràn ti wà láti dúró.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì la máa gbé dání lọ sórí òṣùpá. Èkíní: ṣé ibùdó náà lè bọ́ ara rẹ̀, àbí ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbé e ró? Èkejì: bí ìjà tó gbé wọn débẹ̀ bá parí, kí ló máa mú wọn dúró?

Kírìjì ti àwọn Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbéèrè kejì ṣe pàtàkì, kó wo Apollo. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1961, Rọ́ṣíà gbé Yuri Gagarin lọ sí òfurufú, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ojú Amẹ́ríkà pọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, Ààrẹ Kennedy ní àwọn máa gbé èèyàn délẹ̀ òṣùpá kí ọdún mẹ́wàá yẹn tó parí. Wọ́n náwó tó lé ní bílíọ̀nù 25 dọ́là, owó ìgbà náà o. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà níbí, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin balẹ̀ sórí òṣùpá.

Ọkùnrin 12 ló rìn níbẹ̀, wọ́n sì kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tó tó kílò 382 wálé. Àwọn tó lọ kẹ́yìn, Eugene Cernan àti Harrison Schmitt, lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1972. Wọ́n ti fẹ́ ṣe Apollo 18, 19 àti 20, ṣùgbọ́n ìjọba fagi lé wọn. Ó lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tún tẹ ilẹ̀ òṣùpá. Ìjà pẹ̀lú Rọ́ṣíà ló gbé wọn lọ. Wọ́n borí, wọ́n ká ẹrù wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kírìjì náà nìyẹn.

Lónìí, orúkọ tó ń jáde lẹ́nu àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà bí wọ́n bá ń bèèrè owó Artemis ni Ṣáínà. Èyí yẹ kó kọ wá lóminú. Bó bá jẹ́ pé ìdíje nìkan ló wà níbẹ̀, ìtàn ti sọ bó ṣe máa parí.

Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó fara mọ́ ibùdó yìí, torí wọ́n ní ohun tí Apollo kò ní. Omi ni. Ní 2008, ọkọ̀ Chandrayaan-1 ti Íńdíà lọ yí òṣùpá ká, ẹ̀rọ tó gbé dání sì rí àmì omi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, NASA mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí apá kan rọ́kẹ́ẹ̀tì kọlu kòtò ńlá kan nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá. Omi wà nínú ohun tó fọ́n jáde. Àwọn kòtò wà níbẹ̀ tí oòrùn kò dé inú wọn rí, omi dídì sì wà nínú wọn. Omi ṣeé mu, ó ṣeé fà afẹ́fẹ́ mímí jáde nínú rẹ̀, ó sì ṣeé yí padà sí epo rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń lé ìpẹ̀kun gúúsù yẹn.

Ó dáa. Omi wà. Ṣùgbọ́n ṣé omi nìkan ló sọ Ìbàdàn di Ìbàdàn? Lórí òṣùpá, kò sí afẹ́fẹ́. Ní ibi tó pọ̀ jù, òru tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, òtútù rẹ̀ sì kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ti rí láyé. Ìtànṣán burúkú láti inú oòrùn àti ojú ọ̀run ń bọ́ lé orí ilẹ̀ ní tààrà. Eruku ibẹ̀ mú bí ẹ̀fọ́ ìgò. Ó lẹ̀ mọ́ aṣọ àwọn ará Apollo, ó sì ń jẹ ẹ̀rọ wọn. Schmitt ní ó tilẹ̀ dí òun nímú.

Ibùdó kan tiẹ̀ wà tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni èèyàn ti ń gbé inú ISS láìdáwọ́ dúró. Nǹkan bí kìlómítà 400 péré ló ga sí wa, ìyẹn kò tó Èkó sí Àbújá. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìtọ̀ àti òógùn di omi mímu padà níbẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ayé ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Òṣùpá jìnnà tó kìlómítà 384,400, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 960. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà Oǹdó sí Kírìjì, ẹ wá fà á gùn títí débẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó NASA ṣírò pé Artemis máa jẹ nǹkan bí bílíọ̀nù 93 dọ́là títí di 2025, àti pé ìgbéra kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ máa jẹ bílíọ̀nù 4.1. Ẹ fi èyí wé ẹ̀rọ tí kò gbé èèyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Íńdíà gbé Chandrayaan-3 balẹ̀ sí ìhà gúúsù òṣùpá, owó rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí mílíọ̀nù 75 dọ́là lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Chang'e 6 ti Ṣáínà gbé iyẹ̀pẹ̀ wálé láti ẹ̀yìn òṣùpá, apá tí a kì í rí láti ayé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Àmọ́ o, iyẹ̀pẹ̀ tí Chang'e 6 gbé wá kò tó kílò méjì. Àwọn Apollo gbé kílò 382. Èèyàn tó ní ojú àti làákàyè lè yan òkúta tó ṣe pàtàkì láàárín ìṣẹ́jú. Nítorí náà, mi ò sọ pé kí èèyàn má lọ mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ ló yẹ kó gbé èèyàn lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Abà wà, ilé wà. O lè sùn sí abà ní àkókò ìkórè, kó o sì padà sílé nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Abà tó bá lè bọ́ ara rẹ̀ máa ń di ìlú fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi àṣẹ sọ abà di ìlú.

Àwa náà ti dé ojú ọ̀run

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, torí àwọn kan rò pé Nàìjíríà kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó. Láti inú ọkọ̀ yẹn ni Olórí Ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, ti bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí olórí ìjọba méjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Ní Kano, NASA kọ́ ibùdó kan tó ń bá àwọn arìnrìn-àjò òfurufú sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń kọjá lókè. Nígbà tí John Glenn yí ayé ká ní oṣù Kejì ọdún 1962, Kano wà lára àwọn tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí ló kù sọ́wọ́ wa nínú méjèèjì? Ìtàn. Ọkọ̀ wọn ni, sátẹ́láìtì wọn ni, ẹ̀rọ wọn ni. Èbúté àti ilẹ̀ nìkan la yá wọn.

Nǹkan yí padà ní 1999, nígbà tí ìjọba dá NASRDA sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀kà-Àkókó, Ajayi Boroffice, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, NigeriaSat-1 gbéra láti Rọ́ṣíà. Owó rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 13 dọ́là. Ìyẹn ni pé owó ìgbéra Artemis kan ṣoṣo lè ra irú rẹ̀ tó 300. Nígbà tí ìjì Katrina ba New Orleans jẹ́ ní 2005, sátẹ́láìtì wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́. Amẹ́ríkà lo àwòrán Nàìjíríà o.

A tún ṣubú. NigComSat-1, tó jẹ owó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 300 dọ́là, gbéra láti Ṣáínà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Ṣáínà ló kọ́ ọ, Ṣáínà náà ló kọ́ èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011 yẹn kan náà, NigeriaSat-X lọ sókè. Àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ló kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní Guildford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, FUTA, lọ kọ́ sátẹ́láìtì kékeré kan ní Japan pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Ghana, Mongolia àti Bangladesh. Nigeria EduSat-1 ni orúkọ rẹ̀. Kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti inú ISS ni wọ́n ti jù ú sílẹ̀ sínú òfurufú ní 2017.

Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó pẹ́ ni ọgbọ́n tó wọ orí èèyàn. Sátẹ́láìtì máa ń kú, ẹnjiníà tó kọ́ ọ máa ń kọ́ òmíràn. Ní 2016, mínísítà kan, Ogbonnaya Onu, ṣèlérí pé ọmọ Nàìjíríà máa lọ sí òfurufú kó tó di 2030. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ra àyè fún ẹnì kan nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì, àwòrán la máa rí gbà padà. Owó yẹn á kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ FUTA.

Ìwé tí a fọwọ́ sí

Ó ku ibì kan tó kàn wá gidi. Àdéhùn àgbáyé ti 1967 sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè sọ òṣùpá di tirẹ̀. Artemis Accords gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé wíwa ohun àmúṣọrọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe gbígba ilẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbì kan lè pààlà ààbò yí iṣẹ́ rẹ̀ ká. Ẹ tún un kà. Ibi tí omi wà níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀, tó sì pààlà, kò ní láti sọ pé òun ló nilẹ̀.

A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun wọn sì wà lójú omi nígbà náà. Mi ò sọ pé Artemis Accords jọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí wa ní 2022, a sì lè jáde nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Dòsùnmú ni pé ẹni tó ní ọkọ̀ ló máa ń túmọ̀ ìwé. Bí a kò bá ní àwọn tó lè ka ìwé yẹn dáadáa, amòfin àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n á jókòó sí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíì ló máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, ibo la dúró sí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. A máa ń fi òwe yẹn pa ẹnu aláríwísí mọ́. Lónìí, ọwọ́ àwọn kan ti fẹ́ẹ̀ tó o, ọ̀rọ̀ náà sì di tẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó o.

Èrò tèmi rèé. Ilé ayérayé lórí òṣùpá kò tíì tó àkókò. Kò lè bọ́ ara rẹ̀, ìjà ló sì ń tì í. Abà iṣẹ́, tí èèyàn á lọ, á ṣiṣẹ́, á padà, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn yẹ ní ṣíṣe. Kí Nàìjíríà má fi kọ́bọ̀ kan sínú ilé náà. Kó fi owó sínú èèyàn: FUTA, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú tó wà nínú ọgbà OAU ní Ilé-Ifẹ̀, àti ọgbà FUOYE tó wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Sátẹ́láìtì tó ń wo ilẹ̀ oko àti omi Èkìtì wúlò fún Ayebode lónìí. Ẹnjiníà tó kọ́ ọ yìí náà ló máa lè jókòó sí ìpàdé lọ́la tí wọ́n bá ń pín ààlà lórí òṣùpá.

Ní ti bàbá tó bèèrè iná àti ọ̀nà, ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Owó òṣùpá ti Amẹ́ríkà kọ́ ló gbé iná wa lọ. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò lè tún ọ̀nà Ìkọ̀lé ṣe, ó máa ṣòro fún un láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ọ̀nà òṣùpá, ká sì gbọ́ tirẹ̀.

Ibi tí ètò wa dé lónìí nìyẹn. Bí òṣùpá bá lé lálẹ́ òní, ẹ jáde síta, ẹ wò ó, ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé Ìbàdàn ni, àbí Kírìjì? Ó dàárọ̀ o.